Bí Ẹgbẹ́ Ọ̀daràn Kan Ṣe Di Ààyò Ará Ìlú: Ọ̀rọ̀ Thunderbolts Látìbẹ̀rẹ̀

Tí mo bá ń ka iṣẹ́ àwọn ọmọ wa tó ń kọ kọ́míìkì súpáhíró, ibì kan wà tó máa ń já mi kulẹ̀ ṣáá. Ẹgbẹ́ á jáde lójijì, aṣọ wọn á máa dán, wọ́n á kọjú ìjà sí ọ̀tá, wọ́n á wó ilé mẹ́ta mẹ́rin níbi tí wọ́n ti ń jà, pánẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e báyìí, ará àdúgbò ti ń pàtẹ́wọ́. Ilé ta ni wọ́n wó? Ta ló máa tún un kọ́? Kí ló mú kí ìyá tó ń ta ata níbẹ̀ gbà pé àwọn tó já bọ́ láti ojú ọ̀run yìí kì í ṣe olè? Òǹkọ̀wé ò dáhùn, ó ti kọjá síbi ìjà tó kàn.

Mo wá ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ látòkè délẹ̀, torí nínú gbogbo kọ́míìkì Amẹ́ríkà tí mo ti kà, mi ò tíì rí èyí tó fi bí ìlú ṣe ń gba èèyàn mọ́ra, àti bí ìlú ṣe ń kọ èèyàn sílẹ̀, hàn tó o. Thunderbolts ni, ti ilé iṣẹ́ Marvel. Ẹ̀yin tẹ́ẹ wo fíìmù tó jáde ní 2025 yẹn, ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, àwọn yẹn kọ́ ni mò ń wí. Ti 1997 ni mò ń sọ, èyí tí Kurt Busiek kọ, tí Mark Bagley yà. Ẹni tí ò bá tíì kà á tó sì fẹ́ kà á láìgbọ́ àṣírí inú ẹ̀, kó yáa padà lẹ́yìn mi níbí o, torí mo máa tú gbogbo ẹ̀ síta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ní 1996, Marvel gbé ìtàn ńlá kan jáde tí ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Onslaught fi da New York rú, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n ń pè ní Sentinel ń rìn kiri ìgboro, ilé ń wó, èèyàn ń kú, nígbà tó sì máa parí, àwọn Avengers àti Fantastic Four, ẹgbẹ́ akọni ńlá méjì, ní láti fi ara wọn rúbọ kí apá tó ká a. Gbogbo ayé gbà pé wọ́n ti kú. Àwa tí à ń kàwé mọ̀ pé wọn ò kú, Franklin, ọmọ Reed Richards tó jẹ́ olórí Fantastic Four, ló fi agbára tiẹ̀ gbé wọn pamọ́ sínú ayé kékeré kan tó dá. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ níta ìwé ò ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ: Marvel fẹ́ gbé ìwé mẹ́rin, ìyẹn Avengers, Captain America, Iron Man àti Fantastic Four, fún àwọn ayàwòrán méjì kan, Jim Lee àti Rob Liefeld, kí wọ́n tún wọn bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ìgbà yẹn ò sì rọgbọ fún ilé iṣẹ́ náà rárá, torí Dìsẹ́ńbà 1996 yẹn náà ni wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn.

Ará New York inú ìwé ò mọ nǹkan kan nípa kọ́ńtíráàkì. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó ń gbà wọ́n ti lọ, ìlú sì ti di àwókù. Àwọn X-Men, tí wọ́n bí agbára mọ́, ṣì wà, ṣùgbọ́n ìlú kórìíra àwọn èèyàn abàmì wọ̀nyí tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ Onslaught yìí sì tún dá kún un. Spider-Man náà wà, àmọ́ ìwé ìròyìn kan wà nílùú yẹn tí iṣẹ́ tiẹ̀ kò ju kó máa ba orúkọ ẹ̀ jẹ́ lójoojúmọ́. Àga wá ṣófo. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń kọ̀tàn, ẹ fi ọwọ́ sí ibí yìí, torí ibẹ̀ ni Busiek ti ṣe nǹkan tí púpọ̀ nínú wa kì í ṣe: kò jẹ́ kí ìlú nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ tuntun torí pé ẹgbẹ́ náà dáa, ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ìlú ní ebi ẹ̀. Ìlú tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í yẹ àlejò wò fínnífínní.

Bí ológbò bá sì kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté. Àwọn jàǹdùkú kan tí wọ́n ń pè ní Rat Pack ti wà nínú àwókù, wọ́n ń kó ẹrù ẹlẹ́rù. Àwọn ni Thunderbolts kọ́kọ́ lé ní nọ́ńbà kìíní ìwé tiwọn, tó jáde pẹ̀lú déètì Épírì 1997. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá kojú Wrecking Crew, àwọn mẹ́rin kan tí agbára wọn pọ̀ débi pé Thor pàápàá kì í fojú kéré wọn, ẹ wá wo ibi tí ìjà yẹn ti wáyé o, níbi ère Liberty. Ó kúkú lè fi ìjà náà síbi ibùdókọ̀ tàbí abẹ́ afárá, ta ló máa bi í? Àmọ́ ère yẹn ni gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, tí èèyàn bá sì gbà á sílẹ̀, gbogbo Amẹ́ríkà ló gbà sílẹ̀ nìyẹn. Ṣáájú èyí, ní Jánúárì, wọ́n ti yọjú ní nọ́ńbà 449 ìwé Hulk, wọ́n bá Hulk fúnra ẹ̀ jà. Hulk! Ẹni tí ìlú ti ń sá fún láti ọjọ́ pípẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jà lórí Hulk pé kí lo ṣe ná an fún. Àwọn ọ̀tá tí wọ́n yàn fún ẹgbẹ́ yìí níbẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀kan tí ará ìlú ní ojú àánú fún nínú wọn.

Àwọn mẹ́fà ni wọ́n. Citizen V tó ń fi idà jà ni olórí, ó sọ̀rọ̀ bí akọni ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Atlas ń di òmìrán. Songbird ń fi ohùn ya ìyẹ́ apá sójú ọ̀run. MACH-1 wọ aṣọ irin tó ń fò. Techno ni onímọ̀ ẹ̀rọ wọn. Meteorite ń fò, agbára ẹ̀ sì pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Aṣọ wọn mọ́, orúkọ wọn dùn, ìsọ̀rọ̀ wọn tutù. Àwọn tó ń kàwé pàápàá gbà wọ́n, torí gbogbo ìpolówó tí Marvel ṣe kó tó jáde, àwọn akọni tuntun ni wọ́n pè wọ́n níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jádìí ẹ̀ fún wa.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn nọ́ńbà kìíní ni nǹkan ti yí. Wọ́n ti délé, ilẹ̀kùn ti tì, Citizen V ṣí ìbòjú, Baron Helmut Zemo ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ Heinrich Zemo, Násì tó dá ẹgbẹ́ ọ̀daràn Masters of Evil sílẹ̀ nínú ìwé Avengers ní 1964. Orúkọ Citizen V tó sì ń jẹ́ yẹn, orúkọ ẹni tí bàbá ẹ̀ pa nígbà ogun ni, ẹ wo irú ojú bẹ́ẹ̀! Àwọn yòókù ńkọ́? Goliath ni Atlas. Screaming Mimi, tó ti jẹ́ obìnrin oníjàkadì rí, ni Songbird. Beetle ni MACH-1, Fixer ni Techno, Moonstone ni Meteorite, ìyẹn Karla Sofen, oníṣègùn ọpọlọ tó máa ń lo ìmọ̀ ẹ̀ láti fi yí èèyàn lórí. Tí ẹ bá yọ Beetle kúrò, gbogbo wọn pátá wà nínú àwọn tí Zemo kó ya wọ ilé Avengers láàárín 1986 sí 1987, tí wọ́n lu Hercules, ọ̀kan nínú àwọn Avengers, títí tí kò fi mọ ara ẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì fìyà jẹ Jarvis, bàbá tó ń tọ́jú ilé fún wọn, ẹni tí ò mú nǹkan ìjà kankan lọ́wọ́.

Ètò Zemo ò le. Kí ìlú fọkàn tán wọn, kí ìjọba fọkàn tán wọn, kí wọ́n fún wọn láǹfààní láti wo ìwé àṣírí tí ò yẹ kí ọ̀daràn fojú kàn, lẹ́yìn náà kí ó fi gbogbo ẹ̀ gba ayé.

Láti nọ́ńbà kejì lọ, àwa òǹkàwé ti mọ̀, ará ìlú ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí àwọn kan gbà pé ojú ìwé tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ìwé náà, wọ́n á lọ kọ tiwọn, wọ́n á tọ́jú àṣírí dé orí kẹwàá, tí àṣírí bá tú, ìtàn náà parí nìyẹn torí kò ní nǹkan míì nínú. Busiek tú u fún wa lọ́jọ́ kìíní. Látìgbà yẹn, gbogbo ìgbà tí ọmọdé kan bá ju ọwọ́ sí Songbird, inú wa á máa ta, torí a mọ ohun tí ọmọ yẹn ò mọ̀. Àtẹ́wọ́ ará ìlú, tó jẹ́ nǹkan yẹpẹrẹ nínú ìwé ẹlòmíì, ìwé yìí sọ ọ́ di ohun tó ń bani lẹ́rù.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe gba ìlú gan-an. Nílé wa, tó o bá fẹ́ gba yàrá tàbí iṣẹ́, wọ́n á ní kó o lọ mú onídùúró wá, ẹni tí wọ́n máa mú tó o bá sá lọ. Ohun tí mo rí nínú ìwé yìí ni pé ìlú ò fìgbà kankan gba Thunderbolts gbọ́ torí agbára wọn, onídùúró ni wọ́n ń wò, gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni onídùúró ti yí padà.

Àwọn òkú ni onídùúró àkọ́kọ́. Ní nọ́ńbà kejì, ọ̀daràn kan tó ń jẹ́ Mad Thinker fẹ́ jí Franklin gbé, ọmọ tí gbogbo ìlú gbà pé ó ti di ọmọ òrukàn, Thunderbolts ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ta ló tún máa bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá? Kò sì pẹ́ tí Four Freedoms Plaza, ilé tí Fantastic Four ń gbé, fi di ilé wọn. Ẹ rò ó wò: ọ̀daràn jókòó sí àga òkú, nínú ilé òkú, lẹ́yìn tó gba ọmọ òkú là. Gbogbo ìfẹ́ tí ìlú ní sí àwọn tó lọ ló ṣàn wá sọ́dọ̀ àwọn tó dé, wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ tó tó ìdajì ẹ̀.

Onídùúró kejì jẹ́ èèyàn gidi, Dallas Riordan, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì méyọ̀ New York tí wọ́n ní kó máa bá ẹgbẹ́ yìí ṣe pọ̀. Obìnrin yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà, kì í sì í ṣe torí pé ó rẹwà. Nínú kọ́míìkì púpọ̀, ìjọba kì í lójú, á kàn jẹ́ ohùn lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí ọ̀gágun tó ń pariwo. Níbí, ìjọba jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ní fáìlì lọ́wọ́, tó ń fi ẹnu tiẹ̀ sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé àwọn èèyàn yìí dáa, tí Atlas wá ń yọ́ ìfẹ́ ẹ̀, tí òun náà sì ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí àṣírí máa tú, kì í ṣe Zemo ló kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Riordan ni wọ́n di ẹ̀bi rù, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ inú ìtàn tiyín bá ní onídùúró nínú ìjọba, tí irọ́ wá já, tí ẹni yẹn ṣì ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, a jẹ́ pé kò dúró fún ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Onídùúró kẹta ni ọmọdébìnrin kan. Hallie Takahama, Sentinel ti pa àwọn òbí ẹ̀ nínú rògbòdìyàn Onslaught, Arnim Zola, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì burúkú kan, tún jí i gbé, ó fi ara ẹ̀ dánra wò títí tí agbára iná mànàmáná fi wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó sá jáde, ọ̀dọ̀ ta ló sá lọ? Ọ̀dọ̀ Thunderbolts, torí ohun tó rí nínú ìròyìn nìyẹn, pé àwọn ló ń gbani. Ó di Jolt, ó wọ ẹgbẹ́. Kò mọ nǹkan kan. Láàárín àwọn èèyàn tó ń ṣe bíi pé àwọn jẹ́ akọni, ọmọ yìí nìkan ló jẹ́ ẹ lóòótọ́, ojú tó sì fi ń wò wọ́n kì í ṣe ojú tí ẹnikẹ́ni fi wò wọ́n rí látìgbà tí wọ́n ti dáyé.

Ibí ni ètò Zemo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ó rò pé àtẹ́wọ́ jẹ́ irinṣẹ́, pé èèyàn lè gbà á, kó lò ó, kó sì jù ú nù. Àmọ́ Beetle yìí, ẹni tí Spider-Man àti Human Torch ti nà bí ẹni ń na bàrà láti 1964, ó wá rí i pé ó ní iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Screaming Mimi tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn ẹ̀ rí àfi tó bá fẹ́ ba nǹkan jẹ́, ohùn yẹn wá di ìyẹ́ tí ọmọdé ń nawọ́ sí. Òun àti MACH-1 wá ń fẹ́ra wọn. Goliath tó ti ń tẹ̀ lé ọ̀gá kan sí òmíràn látijọ́ wá ń ronú pé ṣé dandan ni kí òun ní ọ̀gá ni. Moonstone? Ìyẹn ò yí padà, ẹ má tan ara yín. Ó kàn rí i pé gbígbáyé gẹ́gẹ́ bí akọni rọrùn ju sísá fún pọ́líìsì lọ. Mo fẹ́ràn pé Busiek ò jẹ́ kí gbogbo wọn ronú pìwà dà lọ́jọ́ kan náà bí ìjọ tó lọ sí ìsọjí.

Ìtàn kékeré kan wà ní nọ́ńbà kẹsàn-án tí àwọn èèyàn máa ń fò kọjá. Black Widow, obìnrin kan tó ti wà nínú Avengers rí, wá bá àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà, ó sọ ìtàn ìgbà láéláé fún wọn, ti 1965, nígbà tí àwọn Avengers àkọ́kọ́ fẹ̀yìn tì, tí Captain America dá nìkan kù pẹ̀lú àwọn mẹ́ta: Hawkeye, Quicksilver àti Scarlet Witch. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lẹ́gbẹ́ burúkú tẹ́lẹ̀. Ìlú ráhùn, ìlú ṣe ẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ìlú gbà wọ́n nígbà tó yá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ló ń dun àwọn tó ń gbọ́ ìtàn náà: àwọn mẹ́ta yẹn ò parọ́ orúkọ, gbogbo èèyàn mọ ohun tí wọ́n ti ṣe, Captain America ló sì dúró fún wọn ní gbangba. Ọ̀nà náà wà látọjọ́ yìí! Wọn ò mọ̀ pé ó wà ni.

Àwọn Avengers àti Fantastic Four padà dé ní ìparí 1997. Ọ̀rọ̀ ọjà tún ni o, ọdún kan ti pé, Marvel gba ìwé wọn padà, Busiek fúnra ẹ̀ ló tún ń kọ Avengers tuntun. Nínú ìtàn, àwọn olóhun dé, wọ́n bá àlejò lórí àga. Ó wu èèyàn kó rò pé Avengers ló máa tú àṣírí. Rárá o. Ní nọ́ńbà kẹwàá, lẹ́yìn tí ìjọba ti fún Thunderbolts ní àǹfààní tí Zemo ti ń wá, Zemo fúnra ẹ̀ ló tú u! Ó rí i pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun ti ń gbádùn ìwà rere ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì mọ̀ pé bí ìlú bá kórìíra wọn, kò síbi tí wọ́n máa yà sí mọ́ àfi ọ̀dọ̀ òun. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ló bá fata sẹ́nu.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọpọ́n ti sún. Zemo mọ̀ pé títú àṣírí lè lé èèyàn sínú igbó, ohun tí ò mọ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá ti kọrin ìyìn fún rí, igbó ò lè gba irú ẹ̀ mọ́. Wọ́n bá a sá lóòótọ́. Ó fi ẹ̀rọ gba ọpọlọ àwọn Avengers àti Fantastic Four, wọ́n di ẹrú ẹ̀, ayé ku díẹ̀ kó bọ́ sí i lọ́wọ́. Jolt, ọmọ tí wọ́n parọ́ fún jù, òun ló rọ àwọn tó kù pé kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe bí ẹni pé wọ́n jẹ́. Ní nọ́ńbà kejìlá wọ́n kọjú sí Zemo, wọ́n bì í ṣubú, òun àti Techno sì sá lọ.

Ẹ wo ohun tí òǹkọ̀wé míì ì bá ṣe níbí. Wọ́n ti gba ayé là, Avengers fojú rí i, kí ìlú dárí jì wọ́n kó parí. Kò parí. Ìlú ò dárí jì wọ́n rárá, torí ìbínú ìlú kì í ṣe lórí pé wọ́n ti jẹ́ ọ̀daràn rí, lórí pé wọ́n fi òkú àwọn Avengers ṣe ìpolówó ni. Wọ́n di ìsáǹsá. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbà là ló ń pe pọ́líìsì fún wọn, Moonstone ni ó ń darí wọn, òun tó sì ń wò ó bóyá kí wọ́n kúkú padà sídìí olè. Àwọn ọ̀daràn míì pàápàá wá ń fọ̀nà hàn wọ́n, Crimson Cowl tó ti dá Masters of Evil tuntun sílẹ̀ ní kí wọ́n wá sọ́dọ̀ òun. Apá yìí nínú ìwé náà falẹ̀ díẹ̀, mi ò ní parọ́, ibì kan wà tí wọ́n bọ́ sí ayé míì tí mo kàn ń ṣí ojú ìwé lọ. Àmọ́ ìfalẹ̀ yẹn wúlò. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé ojú rere tó bàjẹ́ kì í tún ara ẹ̀ ṣe torí pé ẹ ja ìjà dáadáa ní Sátidé kan.

Onídùúró tuntun ló yí i padà, Hawkeye, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta ìtàn Black Widow yẹn. Ní ìparí 1998, ó wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ bá wọn, ó ní òun máa ṣe olórí wọn. Ẹni tó ti kọjá lórí afárá yẹn rí ló padà wá mú èèyàn kọjá. Àmọ́ kò wá lọ́wọ́ òfo, ó ní ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ìpànìyàn kan wà lọ́rùn MACH-1 láti ìgbà tó ń jẹ́ Beetle, Hawkeye ní kó lọ fi ara ẹ̀ fún ìjọba, kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ẹ̀.

Ó lọ. Ó fi Songbird sílẹ̀, ó bọ́ aṣọ irin, ó wọ ẹ̀wọ̀n. Mo ti kà á léraléra, kò sí ìjà kankan nínú ìwé náà tó tó o. Òun náà lè sọ pé òun ti gba ayé là, pé kí ìlú fi èyí san tọ̀hún, ó sì mọ̀ pé ẹni tó kú yẹn ò sí níbẹ̀ láti gba owó náà. Látorí ìyẹn lọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ẹgbẹ́ yìí lè rí ojú rere ìlú lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ìlú ò tíì mọ nǹkan kan.

Ó sì gba ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so èso. Busiek fi ìwé náà sílẹ̀ lẹ́yìn nọ́ńbà 33, Fabian Nicieza gbà á, nọ́ńbà 50 tó jáde ní 2001 ni ìjọba tó fún wọn ní ìdáríjì, kì í sì í ṣe torí pé ìlú ti fẹ́ràn wọn, torí pé wọ́n mọ ohun kan tí ìjọba ò fẹ́ kó jáde ni. Wọ́n ní kí wọ́n lọ máa gbé bí èèyàn lásán, kí wọ́n má lo agbára wọn mọ́. Ta ló san owó ẹ̀? Hawkeye. Òun ló gbà láti lọ sẹ́wọ̀n dípò wọn. Onídùúró tó jẹ́ onídùúró.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń kọ, ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ́ bí iṣẹ́ báyìí. Kẹ́ ẹ tó ya ìjà àkọ́kọ́, ẹ mọ ohun tí ìlú pàdánù tí ẹgbẹ́ yín fẹ́ wá dípò ẹ̀, tí kò bá sì sí nǹkan kan tí ìlú pàdánù, ẹ jẹ́ kí ìlú yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, kí wọ́n bi wọ́n léèrè, kí wọ́n bú wọn pàápàá. Ẹ fún ìjọba lójú àti orúkọ, kẹ́ ẹ sì mọ ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ ẹni yẹn. Ẹ wá ẹnì kan tí òun nìkan gbà wọ́n gbọ́ tọkàntọkàn, bíi Jolt, torí ogunlọ́gọ̀ tó ń pàtẹ́wọ́ ò lè yí ìwà ẹnikẹ́ni padà, ojú ẹnì kan péré ló lè ṣe é. Ìlú kan ṣoṣo tó ní ohùn kan náà, tó ń fẹ́ràn pọ̀ tó sì ń kórìíra pọ̀, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ èèyàn rí bí eré ọmọdé. Ìyá aláta lè fẹ́ràn wọn torí wọ́n gba ọmọ ẹ̀, kí onílé tí wọ́n wó ilé ẹ̀ máa gbé wọn lọ sí kóòtù, kí àwọn méjèèjì sì jọ máa gbé àdúgbò kan náà.

Ibi tí mo bá àwọn kan jiyàn sí ni ti irọ́. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ìwé yìí ni pé kí ẹgbẹ́ má parọ́. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Irọ́ dáa nínú ìtàn, ẹni tó máa jẹ gbèsè irọ́ ni kẹ́ ẹ wò. Marvel kan náà ti gbìyànjú òdìkejì ẹ̀ ní 1986 nínú X-Factor: àwọn X-Men márùn-ún àkọ́kọ́, àwọn ẹni rere, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ pé ọdẹ tó ń mú àwọn abàmì làwọn, kí ìlú lè máa pè wọ́n, kí wọ́n wá lè máa gba àwọn ọmọ abàmì tí wọ́n bá rí là ní kọ̀rọ̀. Ó jọ ọgbọ́n. Àmọ́ ìpolówó tí wọ́n ń ṣe kiri ló ń dá ìbẹ̀rù sọ́kàn ará ìlú, àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà là gan-an ló ń jẹ gbèsè irọ́ náà lójú títì, Cameron Hodge tó sì ń ṣètò ìpolówó fún wọn wá jẹ́ ẹni tó kórìíra abàmì jù lọ. Wọ́n ní láti pa ilé iṣẹ́ náà tì kí wọ́n tó lè rí ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀tá ńlá kan tó ń jẹ́ Apocalypse kọlu New York ní 1988, ojú wọn gan-an ni wọ́n gbé jáde láti fi jà á, ìlú sì tò sí ìgboro láti yẹ́ wọn sí lẹ́yìn ẹ̀, ìlú kan náà tó ti ń pe nọ́ńbà tẹlifóònù ilé iṣẹ́ wọn láti fi ọmọ abàmì aládùúgbò sùn.